Páàsíwọ̀ọ̀dù Ilé Méjìlá

Ohun kan ṣoṣo ni Honami ń wá: kí àdúgbò má fi òun ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Akọ̀wé àdúgbò ní Matsuyama, ìlú kan ní Japan, ló ń kó gọ́tà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun náà ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó gbé ìdọ̀tí síta lọ́jọ́ tí kò yẹ. Nígbà tí Alága Muneoka wá ní kó bá wọn gbé pátákó ìkéde sórí fóònù, kíá ló bá a dúnàádúrà.

"Tó bá ṣiṣẹ́, Alága, ṣé ẹ máa yọ mí?"

"Pátápátá."

Láti ogójì ọdún ni pátákó yìí ti ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì. Ẹni tó bá kà á tán á fi òǹtẹ̀ lù ú, á gbé e fún aládùúgbò rẹ̀. Honami gba àyè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ bá èèyàn tọ́jú àkọsílẹ̀, ó sì ṣe ẹnu ọ̀nà sí i: kálukú á fi orúkọ àti páàsíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀ wọlé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin nídìí abọ́ tó ń fọ̀.

Ìpàdé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló máa kọ́kọ́ rí i?" Màmá Ogata ti ilé kẹta ló bèèrè.

"Gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà ni, Mà."

"Kí ilé kejìlá ka ìkéde kí èmi alága tó kà á?" ni Muneoka wí. "Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ da àdúgbò rú ni?"

Honami gbé ọ̀rọ̀ mì, ó lọ tún un ṣe. Ilé kejì ò ní rí nǹkan kan àfi tí ilé kìn-ín-ní bá ti lu òǹtẹ̀ lórí fóònù. Iṣẹ́ tí ì bá gba ìṣẹ́jú kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ di ti ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wọ́n fi ń gbàgbé páàsíwọ̀ọ̀dù. Alága ò fẹ́ yọ Honami lẹ́nu, ó fúnra rẹ̀ wá ọgbọ́n sí i. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Màmá Ogata kanlẹ̀kùn ilé kẹrin, ilé Honami, tòun ti pátákó àtijọ́.

"Gbà. Ìwọ ló kàn."

Ìwé kan wà lórí rẹ̀: orúkọ ilé méjìlá, páàsíwọ̀ọ̀dù tí Alága ti gbà jọ lọ́wọ́ ilé mọ́kànlá, àti àyè òǹtẹ̀ pé kálukú ti kà á. Mẹ́ta ti lù ú.

"Mà, ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ mọ páàsíwọ̀ọ̀dù èèyàn."

"Ta ni ẹlòmíì níbí? Tìẹ nìkan ni ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti ń bi ara wọn pé kí lo ń fi pamọ́."

Nísàlẹ̀ ìwé, Alága kọ ọ́ pé: "A ti yọ Honami kúrò nínú akọ̀wé ọdún tó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ṣèlérí. Nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí tó o, òun ni akọ̀wé páàsíwọ̀ọ̀dù wa títí lọ. Gọ́tà wà lára iṣẹ́ náà."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí i gan-an. Ṣùgbọ́n ilé karùn-ún ń retí. Ó kọ páàsíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀ sí àyè tó ṣófo, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó wọ bàtà.