Iṣu Tí Olúlékè Sá Fún

Ikùn Olúlékè Fọláyan a máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí òun fúnra rẹ̀ tó kúrò nílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Aládé ní Ìdànrè, irọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kò sì pọ̀. Bó bá gun ọ̀kadà, táyà ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bó bá dúró láàárín oko kòkó lọ́sàn-án gangan, àwọn alágbàṣe á fi ibòòji igi sílẹ̀, wọ́n á wá jókòó sábẹ́ ibòòji ikùn rẹ̀. Iyán ló kọ́ ikùn náà. Òkè iyán tí wọ́n máa ń gbé ka iwájú rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kan láti Àkúrẹ́ fi béèrè bóyá èyí náà wà lára àwọn òkè tí àwọn èèyàn ń wá wò ní Ìdànrè.

Ẹ̀rín ni gbogbo ìyẹn, òun pàápàá a máa bá wọn rín in. Ohun tí kì í ṣe ẹ̀rín fún un ni ọ̀rọ̀ àgbélébùú.

Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti ká kòkó, tí wọ́n ti sá a, tí wọ́n sì ti tà á tán, ìjọ Aládùúrà tí Olúlékè ń lọ a máa gun Òkè Ìdànrè lọ dúpẹ́. Wọ́n á wọ sùtánà funfun, wọ́n á bọ́ bàtà sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, wọ́n á máa kọrin gun àtẹ̀gùn títí dé ìlú àtijọ́ tí àwọn baba ńlá wọn gbé. Alàgbà kan ní í máa gbé àgbélébùú onígi ṣáájú wọn. Bàbá Olúlékè ló ń gbé e títí ó fi kú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ kò sì gbé e dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́. Ó jókòó gbì, ó ń mí bí ẹ̀rọ ìlọta tí epo ń tán nínú rẹ̀. Wọ́n gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìyá arúgbó tó ń tẹ̀pá ń kọjá lára rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ kú ìjókòó o, Alàgbà."

Ìkíni yẹn wọ̀ ọ́ lára ju ẹgba lọ. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé bí àgbélébùú bàbá òun kò bá dé orí òkè lọ́wọ́ òun lọ́dún tó ń bọ̀, òun ò ní í fọwọ́ kàn án mọ́ láé.

Ibi tó ti ń wá ọ̀nà àtifọn ló ti bá Prosper pàdé. Prosper ń tún fóònù ṣe létí gáréèjì, ó sì tún ń gbé irin. Apá rẹ̀ méjèèjì ki bí ẹni pé Òkè Orósùn ní Ìdànrè bí ìbejì.

"Alàgbà, ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń jẹ iṣu, iṣu ló ń jẹ yín," Prosper wí. Ó fi fídíò òyìnbó kan hàn án lórí fóònù, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ bí pátákó ìfọṣọ. "Ẹ yọwọ́ nínú iṣu, ìrẹsì, gàrí, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹran, ẹja, ẹyin. Ó parí."

"Ọsàn àti ìbẹ́pẹ ńkọ́?"

"Ṣúgà ló wà nínú wọn."

"Ẹ̀wà ńkọ́?"

"Alàgbà, ẹran ni mo pè, ẹ̀ ń dá mi lóhùn ẹ̀wà."

Olúlékè kò sọ fún Prosper pé dókítà ti sọ fóun rí pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Prosper náà kò béèrè. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó di ilé.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ Olúyínká, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Tóyọ̀sí, gbé iyán ka iwájú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ìka kan ṣoṣo tì í sẹ́yìn.

"Baba Tóyọ̀sí, ta lẹ bá jà?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Iṣu ni mo bá jà."

Ìyá Tóyọ̀sí fọwọ́ kàn án níwájú orí bóyá ibà ni. Kì í ṣe ibà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Olúlékè tún rí i pé òun ò lè máa kọjá níwájú àká iṣu kí itọ́ má dà lẹ́nu òun. Ó bá ránṣẹ́ pe Dúrótoyè. Ará Ṣakí ni Dúrótoyè, òun ló ń bá Olúlékè tọ́jú oko kòkó tí wọ́n sì jọ ń pín èrè rẹ̀. Ó tín-ín-rín nígbà náà débi pé tí òjò bá ń rọ̀, àárín ẹ̀kán méjì ló ń gbà kọjá.

"Kó gbogbo iṣu yìí lọ. Mi ò fẹ́ fojú kàn án mọ́."

"Gbogbo ẹ̀, ọ̀gá? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kó o lọ kí n tó yí ọkàn padà."

Dúrótoyè kò dúró gbọ́ ìparí gbólóhùn.

Báyìí ni ẹran bẹ̀rẹ̀. Olúlékè jẹ adìẹ láàárọ̀, ó jẹ ẹyin lọ́sàn-án, ó jẹ ẹran màlúù lálẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo àkùkọ Aládé fi jáwọ́ nínú kíkọ, kó má baà mọ ilé tí wọ́n wà. Ká má purọ́, ó ń fọn lóòótọ́. Bẹ́líìtì tí kò yí i ká tẹ́lẹ̀ wá ń yí i ká, ó tún ṣẹ́ kù. Inú rẹ̀ dùn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú dígí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ṣùgbọ́n orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Pajápajá ń mú un lẹ́sẹ̀ lórí ibùsùn. Bó bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ ọ. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ó ń wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàárọ̀, ó ń jáde lọ́sàn-án, bí ìpàdé àwọn olóṣèlú tí kò ní àbájáde. Èémí rẹ̀ wá ń rùn bí oògùn tí àwọn ọmọge fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Eṣinṣin tó bá gba iwájú ẹnu rẹ̀ kọjá, ẹ̀yìn ló fi ń balẹ̀.

"Ẹ jẹ iṣu díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," Ìyá Tóyọ̀sí ń bẹ̀ ẹ́. "Kódà kó jẹ́ ìwọ̀n ọmọ ọwọ́."

"Tí mo bá ti gbé àgbélébùú dé òkè."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìgòkè. Wòlíì Ìyanuolúwa, olórí ìjọ wọn, ń wàásù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ bọ́ sára Olúlékè lórí bẹ́ǹṣì: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wọnú, ojú ti jìn, sùtánà ń fì lọ́rùn rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Wòlíì dákẹ́. Gbogbo ìjọ yíjú síbi tó ń wò.

"Ẹ wo Alàgbà Olúlékè," ni ó wí. "Láti ìgbà tí ojú ti tì í lórí òkè ló ti ń gbààwẹ̀ níkọ̀kọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ló sọ fún wa."

Halelúyà gba ilé. Olúlékè dìde láti ṣàlàyé. Ó la ẹnu, ó rántí òórùn ẹnu rẹ̀, ó sì pa á dé. Ìjọ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, halelúyà kejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù òrùlé. Wòlíì kéde pé Olúlékè náà ni yóò gbé àgbélébùú, àti pé kó fi ààwẹ̀ gbígbẹ dé gbogbo rẹ̀ lórí: láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, oúnjẹ ò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, omi ò gbọdọ̀ kàn án, títí wọn yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Tóyọ̀sí ká ọwọ́ lẹ́rán. "Ẹ lọ sọ fún Wòlíì pé ẹran lẹ̀ ń jẹ."

"Ṣé kí n dìde láàárín ìjọ Ọlọ́run kí n sọ pé adìẹ ni mo fi ń gba ààwẹ̀ tèmi?"

Ìyá Tóyọ̀sí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n bó ṣe dúró, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó gba ilé Dúrótoyè lọ, ó ní kó bá òun gbé ẹrù gòkè lọ́jọ́ náà, kó sì má jìnnà sí òun.

Ọjọ́ pé. Olúlékè gbé àgbélébùú lé èjìká, orin sọ. Ó gun àtẹ̀gùn, ó gùn ún. Ó dé ibi ìsinmi tó pa á láyò lọ́dún tó kọjá, ó kọjá rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ fò. Àwọn ìyá arúgbó kí i láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ kú ọ̀nà o, Alàgbà." Ó ti ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú orin náà.

Lẹ́yìn náà ni òógùn dá lára rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbẹ bí èèpo kòkó inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Àtẹ̀gùn tó wà níwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ọ̀kan ń lọ sí Oǹdó, ọ̀kan ń lọ sí Àkúrẹ́. Pajápajá gbá ojúgun rẹ̀ méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣubú sórí òkúta pẹ̀lú igi náà láyà.

Ìyá Tóyọ̀sí ti débẹ̀ kí orin tó dá. Ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó fa ike omi yọ nínú ẹrù, ó ń kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá, ààwẹ̀ ńkọ́?" Wòlíì béèrè.

"Ààwẹ̀ wo, Wòlíì? Ọkọ mi ò gbààwẹ̀. Láti ìgbà tí kòkó ti wà lórí igi ló ti ń jẹ ẹran, kó lè fọn, kó lè gbé igi bàbá rẹ̀. Omi yìí ni kò kan ẹnu rẹ̀ láti àná."

Olúlékè di ojú rẹ̀ pinpin, ó ń retí kí ilẹ̀ la. Ilẹ̀ ò là. Wòlíì ló kúnlẹ̀ sórí òkúta, ó gba ike omi, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi ń tu Olúlékè lórí.

"Ẹ gbé e kí ẹ máa lọ," ni ó wí. "Ọpẹ́ ò sá lọ."

Dúrótoyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọ̀gá rẹ̀ pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ó sì kọjú sí ìsàlẹ̀. Kò sinmi. Kò mí gúlegúle. Ó ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ewúrẹ́ orí àpáta. Olúlékè gbé àgbọ̀n lé èjìká rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀yìn tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná lọ́jọ́sí ti wá fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ààfin.

"Dúrótoyè," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Iyán ni, ọ̀gá."

"Iṣu wo?"

"Iṣu yín náà ni. Kò tíì tán."

Olúlékè fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde. Iṣu tó lé kúrò nílé ló wá pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ yìí. "Ṣé mo wúwo?"

"Ẹ ò wúwo mọ́, ọ̀gá. Ká ní ti èṣí ni, ibẹ̀ la ò bá jọ kọ́lé sí."

Ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Esther fa omi sí i lára, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, dókítà náà sì wá wò ó. Nígbà tí ojú Olúlékè wálẹ̀, Nọ́ọ̀sì fa àga súnmọ́ ọn.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ máa jẹ ẹran nìkan?"

"Fóònù ni."

"Ṣé fóònù náà mọ̀ pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

Olúlékè wo àjà.

"Ẹran ò burú, ẹyin ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ wọ́n lájẹjù, ẹ sì pa iṣu àti èso tì, ara yín wá ń tú omi àti iyọ̀ dànù. Kíndìnrín yín dà bí ẹni tó ń dá fọ aṣọ gbogbo ìlú. Ẹ wá gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó máa fọ̀ ọ́ ní gbígbẹ."

"Ṣé ó ti bàjẹ́?"

Ìbéèrè yìí nìkan ni kò fi ṣe àwàdà ní gbogbo ayé rẹ̀. Ìyá Tóyọ̀sí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kò bàjẹ́. Ìdààmú bá a ni. Ẹni tó fún yín lómi, tó sì tètè gbé yín wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fọn, ẹ wá bá wa. Kí iyán kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, kí ẹ sì fi ọ̀kadà sílẹ̀ fún ẹni tó ń kánjú."

Wòlíì náà wá kí i. "Mo rí i pé ẹ rù, mi ò béèrè ohun tó fà á," ó wí. "Ẹ foríjì mí. Orí àtẹ̀gùn tí ẹ ti ṣubú la fi àgbélébùú tì sí. Ó ní òun ń dúró dè yín."

Kí òjò tó dé, Olúlékè tún gun òkè, ìjọ sì bá a lọ. Ó ti sanra díẹ̀ padà, ikùn rẹ̀ kàn ń ṣáájú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí ìṣísẹ̀ kan ni. Ó ti mumi, ó ti jẹ iṣu sísun ìwọ̀n ọwọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Nígbà tó dé ibi tí igi bàbá rẹ̀ wà, ó na ìdí igi náà sí Dúrótoyè.

"Di ibẹ̀ yẹn mú. Èmi ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọwọ́ mi ni yóò gbé e dé òkè. Mi ò sọ pé ọwọ́ mi nìkan."

Bí wọ́n ṣe jọ ń gùn ún nìyẹn, tí wọ́n ń simi níbi gbogbo tó ṣeé simi. Níbi ìsinmi tó kẹ́yìn, Olúlékè fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó. Àwọn ìyá arúgbó ń tẹ̀pá bọ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ kú ìjókòó o, Alàgbà."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá. Ẹ wá bá mi jókòó, ó dùn."

Ìyá Tóyọ̀sí tú iṣu sísun nínú aṣọ, ó há a kárí. Olúlékè mú tirẹ̀ dání, ó sì dúpẹ́ lórí rẹ̀: ó dúpẹ́ fún omi, fún kíndìnrín méjèèjì, fún ẹ̀yìn Dúrótoyè, àti fún ẹnu ìyàwó rẹ̀ tí kò lè pa àṣírí mọ́. Ọpẹ́ náà gùn débi pé Dúrótoyè ti jẹ tirẹ̀ tán kó tó ṣe àmín. Olúlékè wo iṣu ọwọ́ rẹ̀, ó dá a sí méjì, ó na ìdajì sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé igi lé èjìká, ó di òkè.