Bébà Tí Tíṣà Kò Rí

"Tíṣà, mo tún fìdí rẹmi. Ẹ má bínú, orí mi ni ò gba ìṣirò."

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan, tí tíṣà ń kọ́ ní ìṣirò, fi ránṣẹ́ láàárọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó fìdí rẹmi nínú ìṣirò ìdánwò nọ́ọ̀sì rèé, ilé ìwòsàn rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó ṣe é mọ́. "Ẹ má bínú" yẹn ló dun tíṣà jù.

Síbẹ̀, kò fẹ́ gbà pé òun jẹ̀bi. Ó ṣí fídíò kíláàsì tó ti kọ́ obìnrin náà àtàwọn yòókù ní pípín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń wá ibi tí obìnrin náà ti ń tòògbé. Kíláàsì náà dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí tíṣà máa ń pa ohùn gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n má baà dí i lọ́wọ́. Ká má purọ́, ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀. Ó gbọ́ ọ báyìí, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé: a fẹ́ fi ìdajì pín mẹ́fà, ẹ yí ìdajì dorí kodò, ẹ sọ pípín di ìlọ́po, ó di méjìlá, ó parí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, nínú àwòrán kékeré tó ń fi ojú rẹ̀ hàn, obìnrin náà gbé bébà kan sókè. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé: A pín mẹ́fà, kí ló dé tó di méjìlá?

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi gbé e sókè, ó ń pààrọ̀ ọwọ́. Nígbà tí tíṣà wá bèèrè bóyá ó yé wọn, ó sọ bébà náà kalẹ̀, ó mi orí pé ó yé òun.

Tíṣà gbé fóònù. Ó pè é, ó jẹ́wọ́ ohun tó rí, kò fi nǹkan kan pamọ́. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, bí oògùn oníhóró mẹ́fà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìdajì, èèyàn mélòó ló máa kárí?

"Méjìlá." Kò tilẹ̀ ronú. Ó wá bèèrè pé: "Ṣé ohun tí mò ń ṣe ní wọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ náà nìyẹn?"

"Òun náà ni, mà."

Tíṣà ń retí èébú. Ìbá tiẹ̀ sàn. Obìnrin náà kàn ní kó ṣàlàyé ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù, ó sì dágbére, torí wọ́n ń pè é ní wọ́ọ̀dù.

Ní aago mẹ́rin ọ̀sán, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún wọlé sí kíláàsì. Ọwọ́ tíṣà ti dé ibi tó máa ń tẹ̀ láti pa ohùn wọn kó tó mọ̀. Ó fà á sẹ́yìn. Ariwo bẹ̀rẹ̀: ọmọ ń sunkún, ẹnì kan ń húkọ́, ìlẹ̀kùn ń dún. Kí tíṣà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ó ń wo ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnì kan gbé bébà dání.