Bí Bernice Ṣe Sunkún Ìyá Rẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bernice nígbà tó kúrò nínú ìjọ Kátólíìkì. Ọdún náà ni Gàníyù bàbá rẹ̀ kú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Gàníyù, Mùsùlùmí sì ni. Evelyn ìyá rẹ̀ ni ará Ireland, ìyá yìí ló mú un lọ ṣe ìrìbọmi, tó sì ń fà á lọ́wọ́ lọ sí máàsì láti kékeré. Nígbà tí wọ́n sin Gàníyù tán, Bernice lọ bá fáda tó wà ní ìjọ wọn nígbà náà, ó bi í léèrè ibi tí bàbá òun wà báyìí. Fáda wo ilẹ̀, ó ní àánú Ọlọ́run pọ̀, kó ṣáà máa gbàdúrà. Ohun tí fáda kò sọ jáde ni Bernice gbọ́. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde. Nígbà tí Sunday pé, ìyá rẹ̀ pè é títí, kò dìde lórí ibùsùn. Evelyn kò bá a jà. Wọ́n wọ kóòtù wọn, wọ́n dá lọ.

North Peckham Estate, ọ̀wọ́ ilé ìjọba kan nílùú Ọba, ni wọ́n ń gbé lákòókò yẹn, kí wọ́n tó wó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Bernice ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ ń pe Evelyn, wọ́n sì máa ń dáhùn láìbojú wẹ̀yìn. Evelyn mọ ọbẹ̀ ata sè dáadáa. Wọ́n lè kí èèyàn ní Yorùbá láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n nípa ilé tiwọn lọ́hùn-ún, ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Ireland, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn. Bí Bernice bá béèrè, wọ́n á ní òjò máa ń rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Bernice ti lé ní ààdọ́ta ọdún báyìí. Brockley ló ń dá gbé, ó sì ń rán kọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Walworth. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wá gba kọ́tìnnì bi í pé ọmọ ibo ni. Bernice ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá òun, ó dárúkọ agboolé, ó tún fi oríkì díẹ̀ lé e, èyí tí àbúrò bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ìyá yín ńkọ́?" Bernice ní ará Ireland ni. Obìnrin náà tún ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ tiwọn?" Bernice ní òjò máa ń rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ó di kọ́tìnnì fún un, obìnrin náà lọ, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè àwọn ará Ireland, nínú yàrá kan lókè ilé kọfí ní Rye Lane, ní gbogbo ọjọ́bọ̀. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wọn, kì í sì í ṣe èdè nìkan ló ń kọ́ wọn. Ó ń sọ fún wọn nípa àwọn àtijọ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní Kẹ́ltì, ọjọ́ tí wọ́n máa ń dáná lórí òkè, ọjọ́ tí wọ́n gbà pé òkú ń wá sílé jẹun, àti bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe dé tó gba àwọn ọjọ́ náà tó sọ wọ́n lórúkọ míràn. Bernice ń gbọ́, ó ń mi orí. Kò ṣàjèjì sí i tó bí ó ṣe rò.

Aunty Mìsítúrà, àbúrò Gàníyù, kò fara mọ́ ọn rárá. Alhaja ni wọ́n, Peckham náà ni wọ́n ń gbé, ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú Evelyn.

Wọ́n ní, "Bernice, ṣé tiwa ò tó ẹ ni?"

"Ó tó, Aunty. Tiyín ò sọnù, ẹ ti fún mi. Ti ìyá mi ni mi ò rí gbà."

"Ìyá ẹ ń bẹ láyé. Bi wọ́n."

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kí n lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́dọ̀ fáda."

Aunty Mìsítúrà fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní Evelyn sòótọ́, bó bá jẹ́ àwọn náà, ohun tí àwọn máa sọ nìyẹn.

Ní ìgbà òtútù, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Evelyn, èémí kò já gaara mọ́. Bernice gba àyè ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ níbi iṣẹ́, ó kó lọ sí fúláàtì ìyá rẹ̀ ní Peckham. Nígbà tí oṣù kìíní ń parí, ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní Rye Lane: ó mú aṣọ funfun kékeré kan, ó ká a, ó gbé e sí ojú fèrèsé níta, kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kejì mọ́ bá a. Láàárọ̀, ìyá rẹ̀ rí i.

"Ta ló gbé aṣọ síta?"

"Èmi ni, Mummy. Wọ́n ní Bríd máa ń kọjá. Tó bá ti fọwọ́ kan aṣọ, aṣọ náà á máa wo àìsàn."

"Saint Brigid ni wọ́n ń pè é."

"Wọ́n ti ń pe orúkọ ẹ̀ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé Ireland."

"Má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé mi." Evelyn na ọwọ́, wọ́n gba aṣọ náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tutù. Wọ́n ní, "O ká a jù. Ṣe ló yẹ kó tẹ́ sílẹ̀, kí ìrì lè dé gbogbo ara ẹ̀. Bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Evelyn gbé rosari wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bernice wọlé lọ́sàn-án, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti sùn lọ lórí àga, rosari wà lọ́wọ́ wọn, aṣọ Bríd sì wà láyà wọn lábẹ́ súwẹ́tà. Ó lọ gbé omi tíì kaná.

Láti ọjọ́ yẹn, Evelyn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń já òwú lára aṣọ. Wọ́n ní asunkún òkú ni ìyá àgbà àwọn. Bí èèyàn bá kú ládùúgbò, wọ́n á ránṣẹ́ sí i. Yóò kúnlẹ̀ ti òkú, yóò máa mi síwá sẹ́yìn, yóò máa fi orin sunkún, yóò máa pe òkú lórúkọ, yóò máa bi í pé kí ló rí tó fi lọ. Àwọn obìnrin yòókù á máa gbè é. Evelyn kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí omi gbé ọmọkùnrin apẹja kan lọ. Wọ́n rí òkú rẹ̀, etí ibojì rẹ̀ ni wọ́n wà, ìyá àgbà ti wà lẹ́nu ẹkún, nígbà tí fáda na ọ̀pá rẹ̀ sí i lójú gbogbo èèyàn, ó ní kèfèrí ni, ó ní kó dìde kúrò níbẹ̀.

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Ó dìde. Ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún ẹ̀. Kò sunkún òkú kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí ọmọ tiẹ̀ gan-an kú, ó kàn jókòó."

"Inú ò bí yín sí fáda?"

"Ojú tì mí. Ìyá àgbà ni mo bínú sí, pé ó kó ìtìjú bá wa." Evelyn fa èémí. "Ọmọ, ó ti rẹ̀ mí. Gbé ife yìí kúrò níwájú mi."

Bernice gbé ife náà kúrò. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bi olùkọ́ wọn bóyá ó mọ irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ní ìwọ̀nba ló kù, èyí tí àwọn ìyá arúgbó kan kọ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Ó jẹ́ kó gbọ́ ọ. Bernice ń kọ́ ọ pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní Walworth. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Oṣù kẹrin ni Evelyn kú, láàárọ̀. Bernice fúnra rẹ̀ ló ti tẹ fáda láago lọ́jọ́ tó ṣáájú kó wá ta òróró sí wọn lórí, nítorí pé wọ́n béèrè fún un. Wọ́n tún ti béèrè pé kí wọ́n gbé òkú àwọn wá sílé kó tó di ti ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ireland. Bernice ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, pósí wà ní pálọ̀, ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Aunty Noreen, àbúrò Evelyn, ti wọkọ̀ òfuurufú dé láti Ireland. Wọ́n jókòó ní apá ọ̀tún. Aunty Mìsítúrà jókòó ní apá òsì. Ó ya Alhaja lẹ́nu pé òkú sùn sílé, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wọn ni Evelyn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò lè má wá.

Bernice gbé ife tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti pósí, ó gbọ́wọ́ lé e létí, ó sì bẹ̀rẹ̀. "Ochón," ni ó fi ṣáájú, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ àwọn ìyá ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ gbẹ, kò sì ga. Èdè Irish rẹ̀ kò jìnnà, nígbà tó tán, ó bọ́ sí èyí tó mọ̀, ó ń da Yorùbá mọ́ Gẹ̀ẹ́sì:

"Evelyn ọmọ Nora, ọmọ etí òkun,
kí lo rí tí o fi dákẹ́?
Tíì gbóná, àbúrò rẹ dé, dìde kí i.
Ìwọ tí wọ́n ní kó o má fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú,
o fẹ́ ẹ, o sì sin ín.
Ìwọ tó pọ̀n mí gun àtẹ̀gùn North Peckham,
ta ni yóò pè mí láàárọ̀ Sunday
tí n ó fi kọ̀ láti dìde?"

Aunty Noreen gbé ọwọ́ sókè, pé kó dákẹ́. Aunty Mìsítúrà náà gbé ọwọ́ sókè, nítorí pé ẹ̀sìn tiwọn náà kò fẹ́ ká pariwo lórí òkú. Àwọn méjèèjì rí ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀. Bernice kò wo ẹnì kankan. Nígbà yẹn gan-an ni Fáda Adéolú, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ondó tó ń bójú tó ìjọ wọn, ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àdúrà rẹ̀. Kò wọlé sí i, kò sì padà. Ó dúró títí tí ohùn Bernice fi lọ sílẹ̀ tó sì tán.

"Ṣé ẹ ti parí, mà?"

"Mo ti parí, Fáda."

"Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Wọ́n gbàdúrà. Bernice jókòó, kò gbè é, kò sì jáde.

Nígbà tí fáda àti Alhaja lọ tán, Aunty Noreen ń fọ ife nínú kíṣìnì, Bernice ń nù ún. Aunty Noreen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"O fi orúkọ ìyá wa síwájú. Orúkọ ìyá àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ wá, kó o tó kan ìyá wa."

Bernice dúró. "Ṣé ẹ mọ ẹkún náà ni?"

"Eré la máa ń fi í ṣe, èmi àti ìyá ẹ, lẹ́yìn ilé. Bèbí ọmọláńgidi la máa ń sin. Evelyn ló máa ń sunkún, ohùn ẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ìyá àgbà máa ń jókòó lójú fèrèsé, á máa gbọ́ wa. Lọ́jọ́ tí bàbá wa ká wa mọ́ ọn, ó nà wá bí ẹni máa kú." Wọ́n gbọn omi ọwọ́ wọn. "Kò sọ ìyẹn fún ẹ?"

"Rárá. Wọ́n ní ojú ti àwọn."

"Ó tì í lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a ṣì sin bèbí mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn."

Bernice fẹ́ bi wọ́n sí i, ó rí i pé ó ti rẹ̀ wọ́n, ó fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó jókòó ní ìjókòó iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò jáde lọ gba kọmúníọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò bi í. Ó bu erùpẹ̀ díẹ̀ sínú ibojì nígbà tí wọ́n pè é, ó kí gbogbo èèyàn, ó sì sun oorun wákàtí púpọ̀ nígbà tó délé.

Nígbà tí Aunty Noreen ń lọ, Bernice sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, wọ́n fi ìborùn di etí wọn.

"Tó bá kan èmi náà, wá sunkún mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí fáda kọ́kọ́ lọ."

Bernice ní òun á wò ó bóyá wọ́n á fún òun láyè níbi iṣẹ́. Aunty Noreen rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá a létí díẹ̀ bí ẹni gbá ọmọdé. Bọ́ọ̀sì dé, ó bá wọn gbé àpò wọn sínú rẹ̀.