Ọ̀rọ̀ Tí Mìsítúrà Kò Fẹ́ Fi Ẹnu Sọ

Bí o bá fẹ́ rí bí àdúrà ṣe ń yára jáde lẹ́nu ènìyàn, lọ dárúkọ nǹkan burúkú níwájú Mìsítúrà. Sọ pé òtútù ọdún yìí á le, á ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó le jù. Ní ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Camberwell, ní London, bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀, Gilbert, tó máa ń ní ikú ló kù tí òun ń retí. Mìsítúrà á ní, "God forbid, ẹ máa rí ọmọ-ọmọ yín," bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá náà kò bímọ kankan. A kò lè bú u. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Nǹkan burúkú, a kì í fi ẹnu ara wa pè é, kó má baà gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó wá dá wa lóhùn.

Yusrah ni àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹlẹ́nu-bí-abẹ tẹ́lẹ̀, tí kò sí ẹni tó lè gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wọn ní Peckham, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń fọ ìrẹsì. Kò pariwo, kò sunkún. Ó kàn ní, "Mummy, kò wù mí kí n máa wà láyé mọ́."

Mìsítúrà gbọ́ ọ ketekete. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ló ń sọ nínú ara rẹ̀, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ó wá ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kó lè máa pariwo dáadáa, kò wẹ̀yìn, ó ní, "Lọ bá mi ká aṣọ orí radiator." Ọmọ náà lọ ká aṣọ tí wọ́n sá sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná náà.

Láti ọjọ́ yẹn, ńṣe ni Yusrah ń rù. Kò bá ẹnikẹ́ni du rìmóòtù mọ́. Tí ó bá lọ sí ilé ìwé lónìí, lọ́la inú á máa run ún, bẹ́ẹ̀ inú kọ́ ló ń run ún. Olùkọ́ rẹ̀ kan ló kíyè sí i, òun ló bá wọn kọ̀wé sí clinic tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ìbànújẹ́ ọkàn ń bá jà. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Òtútù lọ, oòrùn dé, òtútù tún fẹ́ padà kí wọ́n tó pè wọ́n. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí ìdúró yẹn. Ta ló ń sọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán pé kó ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀?

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Dáúdà ọkọ Mìsítúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì dé ni, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ má lọ sọ nǹkan tí wọ́n á fi gbé ọmọ lọ o. Àwọn social services ìjọba yẹn, wọn kì í ṣeré." Dáúdà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó mọ ìdílé kan ní Stockwell tí wọ́n gba ọmọ wọn lọ́wọ́ wọn, tàbí kí n sọ pé ó mọ ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì kó ẹ̀rù náà fún ìyàwó rẹ̀ kó máa gbé e lọ.

Dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó kan, ohùn rẹ̀ tutù. Ó bi Mìsítúrà léèrè bóyá Yusrah ti sọ rí pé òun kò fẹ́ wà láyé.

"God forbid!" ni Mìsítúrà wí.

"So she's never said anything like that?"

"God forbid, doctor. God forbid."

Dókítà gbà á pé rárá ni. Ó wá yíjú sí Yusrah. Yusrah kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀ ná, kó tó dáhùn pé, "I'm fine." Dókítà ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì le tó ti àwọn tó ń dúró níta. Nínú bọ́ọ̀sì, Mìsítúrà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ojú sì ń tì í bó ṣe ń dúpẹ́. Irọ́ kọ́ ló pa, àdúrà ló ṣe. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó fi àdúrà náà bò mọ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, Yusrah kò jáde ní yàrá mọ́ àyàfi tó bá fẹ́ lo ilé ìwẹ̀. Mìsítúrà á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa gbọ́ bóyá ó ń mí. Lẹ́nu iṣẹ́, tí tẹlifóònù bá dún, á sáré lọ wò ó bóyá láti ilé ni. Ohun tó ń sá fún láti pè lórúkọ ti wà nínú ilé rẹ̀ láìpè.

Ní ìpàdé àdúrà àsàlátù ọjọ́ Sunday ni wọ́n ti kéde pé àwọn òṣìṣẹ́ clinic kan á máa wá sí mọ́ṣáláṣí, torí wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn wa tó bá lọ sí clinic lẹ́ẹ̀kan kì í padà lọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Mìsítúrà bẹ Yusrah títí ó fi bá a lọ. Ẹni tí wọ́n bá nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ẹní sí ni òṣìṣẹ́ clinic kan tó ń jẹ́ Kánsọ́lá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, tí Yorùbá rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà tó tóbi jù. Ó kúnlẹ̀ kí Mìsítúrà, ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ilé ìwé àti oorun, kí Kánsọ́lá tó bi Mìsítúrà ní ìbéèrè náà gan-an.

"Aunty, ṣé Yusrah ti sọ rí pé kò fẹ́ wà láyé mọ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Àmín, Aunty. Àmín o." Kánsọ́lá kò rẹ́rìn-ín. "Mo ti ṣe àmín àdúrà yẹn, ó ti gbà. But ẹ ò tíì dá mi lóhùn, ma. Ṣé ó sọ ọ́?"

Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe àmín fún un, kó tún wá bi í rí. Mìsítúrà wo ilẹ̀. "Tí mo bá sọ ọ́, ṣé ẹ máa gbé e lọ?"

"Torí pé inú ọmọ bàjẹ́ kọ́ ni wọ́n ṣe ń gbé ọmọ lọ, ma. Tí mi ò bá mọ̀ ni mi ò ní lè help."

Yusrah ń fa okùn kan lára kápẹ́ẹ̀tì, kò gbé orí sókè. Mìsítúrà wá rí i pé kì í ṣe Kánsọ́lá ni ọmọ náà ń gbọ́. Ohun tí ìyá rẹ̀ máa sọ ló ń dúró dè.

"Ó sọ ọ́," ni Mìsítúrà wí. Ẹnu rẹ̀ wúwo. "Èmi ló sọ ọ́ fún, ní kitchen. Mò ń fọ ìrẹsì. Ó ní kò wu òun kí òun máa wà láyé mọ́."

Yusrah gbé orí sókè. "You heard me?"

"Mo gbọ́."

"Mo rò pé ẹ ò gbọ́. I thought it was the tap." Ó fi okùn kápẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. "Then ní clinic, ẹ ní God forbid, so mo ní okay, I can't say it again, ever."

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí." Omijé ti gba ojú Mìsítúrà, kò sì nù ún.

Kánsọ́lá sún mọ́ wọn. Ó wá rọra bi Yusrah bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì ń ṣe é di òní. Yusrah kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń wò ó. Mìsítúrà mọ àdúrà tó ti wà lórí ahọ́n òun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, ó dì í mú, kí ọmọ náà lè sọ̀rọ̀ tán.

"Yes," ni Yusrah wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.