Àbẹ́là Jaglika

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Luku Mímọ́, ẹni mímọ́ tí ìdílé wọn ń sìn, Gospava fọwọ́ ara rẹ̀ po ìyẹ̀fun búrẹ́dì àjọ̀dún, ó tẹ àmì àgbélébùú sí i lórí, ó gbàdúrà lé e, kó tó tì í sínú ààrò. Vukosav, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó máa wá."

"Ta ló ń pe èèyàn sí i tẹ́lẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ á wá. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó lọ bá ewúrẹ́ ẹ̀ jẹun. Dìde, lọ gé ẹran."

Itọ́ lásán ló mú ojú Vukosav wálẹ̀. Nígbà ooru, àwọn àgbà ìdílé Radunja ní kí gbogbo ọkùnrin ìdílé tutọ́ sínú ìgò kékeré fún àyẹ̀wò DNA, irú èyí tó ń tọ ipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ láti baba sí ọmọkùnrin. Wọ́n fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọmọ Radunja akọni ni gbogbo wọn, kí wọ́n tó gbẹ́ orúkọ wọn sára òkúta níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Vukosav ló kọ́kọ́ tutọ́, tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí èsì dé, ti gbogbo wọn bára mu. Tiẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Kò ya Gospava lẹ́nu. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un kó tó kú. Jaglika ni ìyá ńlá ìdílé olóògbé ọkọ rẹ̀, ọmọ Radunja ni. Ogun ló pa baba rẹ̀ àti gbogbo arákùnrin rẹ̀. Lórí òkè yìí, ilé tí kò bá ti ní ọkùnrin mọ́, wọn a ní àbẹ́là rẹ̀ ti kú: kò sẹ́ni tí yóò jogún ẹni mímọ́ tí baba ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Jaglika sọ pé àbẹ́là baba òun kò ní kú. Ó mú ọkùnrin aláìlẹ́bí kan láti etí òkun wá sílé baba rẹ̀, ó fi ṣe ọkọ. Wọ́n fi ọkùnrin náà ṣẹ̀sín títí, wọ́n ń pè é ní ọkọ tí ìyàwó gbé. Àmọ́ orúkọ baba Jaglika ni àwọn ọmọ ń jẹ́, ẹni mímọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń sìn. Àwọn tó mọ̀ ti kú, àwọn ọmọ wọn sì gbàgbé.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwọn ìbátan díẹ̀ ti dé; àwọn kan wá jẹun, àwọn kan wá wòran. Àbẹ́là ńlá ń jó lórí tábìlì. Milisav, àgbà ìdílé, wọlé tòun ti fìlà lórí. Kò tọ́ àlìkámà sísè tí gbogbo àlejò ń kọ́kọ́ tọ́ wò.

"Ìyàwó, mi ò bá ìjà wá."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹni tí kò bá ìjà wá, ṣíbí ló ń kọ́kọ́ mú."

"Mi ò jẹ. Ìdílé ti pàdé. Orúkọ yín ò ní sí lára òkúta, Luku Mímọ́ kì í sì í ṣe tiyín. Kí ọmọ ẹ lọ wá ẹni mímọ́ tí bàbá ńlá ẹ̀ ń sìn létí òkun. Ẹ̀jẹ̀ ti sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Itọ́ ọkùnrin nìkan lẹ kó jọ. Jaglika ńkọ́, ṣé omi ló wà nínú iṣan tiẹ̀? Nígbà tí ogun dé, tí àwọn bàbá yín sá gba ojú odò lọ, ta ló dúró ti sàréè àwọn òkú ìdílé?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín ní igun yàrá, ó sì sọ ọ́ di ikọ́.

"Obìnrin kì í gbé ìdílé dúró," Milisav sọ.

Gospava nu ọwọ́ sí aṣọ ìdáná rẹ̀.

"Jaglika, a-dáàbò-bo-iná-níjọ́-ìjì. Ọmọ Radunja tí kò di ìbọn, tó fi ọwọ́ òfìfo di ilé baba rẹ̀ mú. Wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ìwọ ò jẹ́ kó kú ká tó wá eérú." Ó nawọ́ sí tábìlì. "Ó dáa, Bàbá. Bí ilé yìí kì í bá ṣe ilé Radunja, iná irọ́ nìyẹn. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ fẹ́ ẹ pa."

Ẹnu kankan kì í fẹ́ àbẹ́là ọjọ́ náà. Onílé nìkan ló ń fi wáìnì pa á, lẹ́yìn àdúrà. Ẹni tó bá fẹ́ ti ẹlòmíì pa, ńṣe ló gbàdúrà pé kí ilé onítọ̀hún di ahoro.

Milisav sún mọ́ ọn. Ó tẹ̀ síwájú títí iná fi tàn sára irun imú rẹ̀. Ó fa èémí sínú. Èémí náà kò gba ẹnu jáde. Ó ṣí fìlà, ó ya àmì àgbélébùú sára, ó sì tún dé e padà.

"Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́," ló wí, ó sì kọjú sọ́nà.

Bó ti ṣílẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ òkè ya wọlé, iná dojú bolẹ̀. Milisav fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú láti ìta, ó fà á jẹ́jẹ́ títí ó fi pa dé. Iná nàró.

"Ẹ rí i bí?" Gospava wí. "Kí wọ́n máa gbẹ́ òkúta wọn lọ. Vukosav, gé búrẹ́dì."

Vukosav dìde, ó gé búrẹ́dì, ó da wáìnì sórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ọjọ́ náà. Nígbà tó ń pe orúkọ àwọn òkú ilé, kò bẹ̀rẹ̀ látorí Radunja. Jaglika ló kọ́kọ́ pè, ó sì pè é sókè, kí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà lè gbọ́.