Epo Abẹ́ Alùpùpù

Tó bá tún jò ńkọ́? Tí mo bá ti rọ́bà síìlì tuntun yìí bọ abẹ́ alùpùpù tán, tí mo da epo padà sínú ẹ́ńjìnì, tí epo tún ń kán tó, tó, tó sórí ṣéènì bíi ti tẹ́lẹ̀ — kí ni kí Adéagbo tún lọ wí fún ìyàwó mi? Pé kó ṣì ní sùúrù? Sùúrù wo ló kù lọ́wọ́ Mojíre, tó ń sùn sí pálọ̀ ilé onílé ní Ìpetumodù, òun àti Yéwándé ọmọ wa...

Rọra. Rọra, Akínkúnlé. Yọ ti àtijọ́ ná.

Mo ti ẹnu sukudiráfà bọ etí síìlì náà. Ó le bí èkùrọ́. Rọ́bà tó yẹ kó rọ̀, ọjọ́ orí ti sọ ọ́ di igi. Bàbá mi ló ra alùpùpù yìí nígbà tí kòkó ṣì ń sọ èèyàn di èèyàn, kò sì sẹ́ni tó rántí pé wọ́n tú ibí yìí rí. Bí irin bá ha ọ̀pá tó gba àárín rẹ̀ kọjá pẹ́nrẹ́n, kò sí síìlì tó máa dá epo yẹn dúró mọ́. Nítorí náà, rọra. Kò sẹ́ni tó ń lé mi.

Àbí wọ́n ń lé mi?

"Sọ fún Bàbá Yéwándé pé kó wá mú wa. Ó ti tó."

Ohun tí Adéagbo ní Mojíre wí nìyẹn. Adéagbo ọ̀rẹ́ mi, tó máa ń lọ ra gàrí ní Ìpetumodù wá tà ní Ifẹ̀ níbí. Òun náà ló bá mi wá síìlì yìí kàn ní Sábó, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù. Ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ó parí. Kò sí àwáwí mọ́ o." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín?

Ó yọ! Ó já bọ́ sínú iyanrìn. Epo dúdú tẹ̀ lé e, ó ń ṣàn bíi... Mi ò ní fi wé nǹkan kan. Látìgbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti tún bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣàn nílẹ̀ tí mo lè fojú lásán wò.

Tolúwalàṣẹ. Àbúrò mi kan ṣoṣo. Oko kòkó ló ní òun ń lọ wò, lójú ààlà. Orí pákó ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ sí wálé. Mojíre ló kọ́kọ́ figbe ta — Mojíre, tó jẹ́ pé ìkòkò rẹ̀ ni Tolú máa ń kọ́kọ́ ṣí tó bá ti oko dé. Ó figbe ta, ó ṣubú sílẹ̀ gbalaja, Màámi sì yíjú sí i.

"Má bá mi sunkún. Àwọn èèyàn ẹ ní Modákẹ́kẹ́ ló pa á."

Mojíre gbé ẹkún náà mì bí ẹni gbé omi gbígbóná mì. Àwọn ará Ifẹ̀ wa níbí ti dáná sun ilé bàbá tiẹ̀ náà, bàbá arúgbó sì wà ní ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ta ló bá òun sunkún? Ó di ẹrù, ó pọn ọmọ, ó...

Nu ojú ihò náà. Aṣọ tó mọ́ ni kí o fi nù ún. Iyanrìn bíńtín ti tó láti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Màámi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ta ni mo tilẹ̀ ń bá rojọ́? Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn ni wọ́n pọn Yéwándé títí ó fi rìn. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní ìyá àwọn ló padà wá. Mojíre ló ń bá wọn gé èékánná ẹsẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń da irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Mú ọmọ mi bọ̀. Ìyá ẹ̀, tó bá wọ ilé yìí, èmi á jáde. Ibi tí mo bá sì forí lé, ìwọ lo lé mi lọ síbẹ̀."

Kí n gba yàrá sí Ìpetumodù ńkọ́? Kí n fi ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ sílẹ̀, kó máa nìkan jí, kó máa wo ilẹ̀kùn yàrá Tolú? Tàbí kí n já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí n wá...

Ètè síìlì gbọ́dọ̀ kọjú sínú. Mo fi epo pa á lára. Mo gbé pákó pẹlẹbẹ lé e, mo ń fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀tún. Òsì. Kó má wọ́. Ó wọlé. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Mo dá irin eléyín padà, mo so ṣéènì mọ́ ọn, mo da epo sí i. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, mo wá fẹsẹ̀ ta á.

Ó dáhùn.

Ẹ́ńjìnì ń kù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń wo ìwé ìròyìn. Kò sí nǹkan kan. Mo dúró kí ara irin gbóná dáadáa. Mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó gbẹ. Ó gbẹ táútáú.

Kí ló dé tí mi ò tíì dìde?

Mo fi ìka wọ́ abẹ́ rẹ̀, ìka gbẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn, mo gbé ojú sún mọ́ ọn, mò ń wá a — ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan péré — mò ń wá epo bí ẹni ń wá ohun tó sọnù. Mò ń bẹ̀ ẹ́. Jò. Jọ̀ọ́, jò...

Ọkọ̀ ń lọ sí Ìpetumodù lójoojúmọ́. Adéagbo ń wọ̀ ọ́ lọ, ó ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Ìgbà wo ló di dandan pé alùpùpù ni mo fẹ́ fi lọ mú wọn? Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò ni.

Olúwa mi o.

"Akin!" Ohùn Màámi, láti inú ilé. "Ṣé epo náà ti dá?"

Ẹnu mi ló ń dáhùn, èmi ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àjèjì: "Ó ṣì ń jò, Màámi."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Èmi náà mí kanlẹ̀. Ìmí kan náà ni.

Mo ti yàn, àṣé. Ó ti pẹ́ tí mo ti yàn.

Mo na ọwọ́, mo pa ẹ́ńjìnì.