Ìwé Tí Kò Gbọdọ̀ Kú

Ààrò kan ṣoṣo ni mo ní, ilé-ìwé mẹ́ta sì ti ní àwọn fẹ́ máa ra búrẹ́dì mi. Tí ààrò kejì kò bá wọlé kí oṣù tó parí, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ọkùnrin òpópónà kejì, ẹni tí búrẹ́dì rẹ̀ le bí ọkàn rẹ̀. Báńkì ní kí n fi ilé dúró kí àwọn tó yá mi lówó. Ilé wo? Èmi tí mò ń háyà!

Ni mo bá rántí ìwé ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí mi, tí mo ti ń sanwó sí lóṣooṣù láti ọdún mẹ́rìnlá. Èrò mi ni pé ọjọ́ tí mo bá kú nìkan ló máa wúlò. Alápò, ọkùnrin ìnṣọ́ránsì tí àpò aláwọ kì í kúrò lápá rẹ̀, ló là mí lójú.

"Màdáámù, apá kan owó yín ti ń pọ̀ sí i nínú ìwé yìí. Ẹ lè yá nínú rẹ̀ láàyè yín. Ẹ óò máa san èlé. Èyí tí ẹ kò bá san tán kí ọlọ́jọ́ tó dé, wọ́n á yọ ọ́ nínú ohun tó kan ọmọ yín."

"Kí n jẹ owó òkú mi lójú ara mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó ṣí fáìlì. "Ìgbà kan wà tó kù díẹ̀ kí ìwé yìí kú o. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹlòmíì ló san án fún oṣù mẹ́jọ."

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà nígbà náà. Ta ló ń sanwó lórí ẹ̀mí mi nígbà tí mò ń kú lọ? Ta ló ń retí òkú mi?

Ìtẹ̀ka ló wà lórí rìsíìtì. Ìlà kan là á sí méjì. Háà! Mo mọ àtàǹpàkò yẹn, ọ̀bẹ búrẹ́dì mi ló gé e. Eyínmẹ́nugún ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí kò yìn mí rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn.

Mo bá a nídìí ààrò, níbi tó ti ń bá mi jọ̀ fúláwà.

"Eyínmẹ́nugún, kí lẹ fẹ́ fi òkú mi ṣe?"

"Òkú ta? Pẹ̀lú ẹnu ẹ yẹn? Ikú gan-an á bẹ̀rù àtimú ẹ."

"Ta ló san ìnṣọ́ránsì mi?"

Ajọ̀ ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Lẹ́tà kan dé. Ọmọ ẹ kà á fún mi, ó ní ìwé ẹ máa kú níparí oṣù. Mo ní bí ìwé bá kú, ẹni tó ni ín á tẹ̀lé e. Mo bá lọ ta ṣéènì ọrùn mi."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú mi. Mo ní fúláwà ló kó sí mi lójú.

Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí ìwé owó yíyá náà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ ààrò fún un. Ó ní kí n pe Alápò wá.

"Tó bá yáwó lórí ẹ̀, ṣé kò ní kú?"

"Ìwé náà, mà?"

"Àwọn méjèèjì!"

Alápò tún fáìlì ṣí. "Tí gbèsè bá ga ju owó tó wà nínú ẹ̀ lọ, ìwé á kú, mà. Tí wọ́n bá ń san owó oṣù àti èlé, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Ti ìyàwó yín, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà."

Eyínmẹ́nugún yíjú sí mi. "Ìyàwó, fọwọ́ sí i. Èmi ni n óò máa gba èlé yẹn lọ́wọ́ ẹ lọ san fún wọn."

Ààrò náà dé ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù parí. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ká tó kó búrẹ́dì jáde, obìnrin yìí á na ọwọ́ tí àtàǹpàkò rẹ̀ là yẹn sí mi lẹ́nu ọ̀nà láti gba owó èlé.

"Ìyàwó, ìwé ńkọ́?"

"Ó wà láàyè, mà."

"Ìwọ náà ńkọ́?"